Ṣíbí Kẹfà

Mẹ́fà ni ṣíbí tí wọ́n fi ta Morádéún lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ṣíbí tó nípọn, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó kékeré sí ìdí ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí mò ń sọ yìí, márùn-ún ló wà lórí tábìlì. Ẹ̀kẹfà wà nínú ọkọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ wíńdò ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ló ṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Túnbọ̀sún ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó mú ṣíbí kan, ó tẹ ọrùn rẹ̀, ó fi ìdè dè é mọ́bẹ̀, ó sì ń fi í yí gíláàsì sókè sódò. Ó ní òun ò lè fowó ra ohun tí òun lè fọwọ́ ṣe. Látìgbà náà, Morádéún ló ń jẹ ògì kẹ́yìn nílé wọn, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin bá ti jẹ tán tó gbé ṣíbí sílẹ̀.

Ògì ọjọ́ náà ti tutù kó tó kàn án. Kò tiẹ̀ fẹ́ jẹ ẹ́ mọ́. Dinah, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà gbọọrọ síwájú nínú símẹ́ńtì tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù eegun Igbóbì. Símẹ́ńtì náà funfun nígbà tí wọ́n dì í. Ó ti dúdú báyìí, etí rẹ̀ ti ń rún, ó sì ń rùn. Kì í ṣe òórùn tí èèyàn lè fi lọ́fínńdà bò. Ọjọ́ Sátidé ni àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wá eku tó kú sábẹ́ àtẹ̀gùn. Morádéún gbọ́ wọn, ó bá wọn wá a. Kò lè ní ọmọ òun ni.

“Ta ló ń gbé Dinah lọ sí Igbóbì lónìí?” ó bèèrè.

“Ọkọ̀ ń bọ̀,” Túnbọ̀sún dáhùn.

“Láti ibo?”

“Alàgbà ní tó bá di aago mẹ́fà ààbọ̀, òun á gbé e dé ẹnu ọ̀nà yìí.”

“Aago méje ti lù, Bàbá Dinah.”

Túnbọ̀sún fẹ́ ògì rẹ̀. Ògì tó ti tutù ló ń fẹ́.

Oṣù karùn-ún ni lọ́rì kọ lu ọkọ̀ wọn. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ayé fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀ kí wọ́n máa wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ Túnbọ̀sún gbàgbé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó yà sósì. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Mọ́rísì funfun náà rún wọlé, ẹsẹ̀ Dinah sì kán. Dókítà ní kí wọ́n mú un padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ kí wọ́n tú símẹ́ńtì. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ló pé yìí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣeé ká ò ṣeé gbé wọ bọ́ọ̀sì, Túnbọ̀sún sì ní kò sídìí láti máa wá takisí kiri nígbà tí ọkọ̀ àwọn ń bọ̀. Gbogbo Mọ́ńdè ni ọkọ̀ ń bọ̀.

Alàgbà Akínsànyà ni panẹbítà tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ìlú Túnbọ̀sún ni, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, òun ló máa ń gbé igbá ọrẹ kiri lọ́jọ́ Ìsinmi, tí á dúró wámúwámú lórí èèyàn títí onítọ̀hún á fi rí nǹkan sí i. Panẹbítà mìíràn, Azubuike, wà ní igun àdúgbò wọn, ó ń kan páànù ọkọ̀ ní gbangba, lójú gbogbo ayé, ohun tó bá gbà lọ́wọ́ rẹ ni yóò kọ sínú ìwé tí yóò sì ya tìrẹ fún ọ. Morádéún ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Túnbọ̀sún ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun dé, òun ò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ fún Alàgbà, ó kó gbogbo owó iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní ẹ̀yìn ìsìn, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kó gba rìsíìtì, ó ní ṣé ó fẹ́ kí òun tàbùkù ara òun ni, ta ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ Alàgbà? Ilé bàbá Alàgbà ló mọ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, odindi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Philomena yọjú láti yàrá òdìkejì, ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn. Ọmọ Warri ni, aṣọ ló ń rán. “Mama Dinah,” ó ní, “I no wan put mouth, but that leg no good again. Make una carry the pikin go today-today.”

“A ń lọ,” Túnbọ̀sún dá a lóhùn.

“Na so you talk last week, sah.”

Morádéún gbé ògì rẹ̀ tí kò jẹ fún àbíkẹ́yìn rẹ̀, ó fi àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù sọ́dọ̀ Philomena, ó wé gèlè, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó gbé ọmọ pọ̀n, pé tí ọkọ̀ kò bá wá bá àwọn, àwọn á lọ bá ọkọ̀.

Òjò winniwinni ń rọ̀. Túnbọ̀sún pọn ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ símẹ́ńtì náà yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá sì ń fi agboòrùn tẹ̀lé wọn kí omi má bàa wọ inú símẹ́ńtì. Àwọn èèyàn ń yà fún wọn lójú ọ̀nà. Àwọn kan ń kí wọn pẹ̀lẹ́, àwọn kan ń fi ọwọ́ bo imú kí wọ́n tó kí wọn. Bí wọ́n ṣe rìn dé Málù Róòdù nìyẹn, aṣọ ibi iṣẹ́ tí Túnbọ̀sún fẹ́ wọ̀ lọ sí Krííkì Róòdù ti rin gbingbin.

Alàgbà wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ kan tí wọ́n ti tú sílẹ̀, ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà. Ilẹ̀kùn ọkọ̀, bọ́ńpà, iná iwájú, gbogbo rẹ̀ kún ilẹ̀, kò sì sí Mọ́rísì funfun kankan níbẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Bọ̀dá Túnbọ̀sún. Ìyàwó wa. Èmi ni ǹ bá wá bá yín, òjò ni.”

“Ẹ káàárọ̀ sà,” Túnbọ̀sún ní. “Ọkọ̀ dà, sà?”

“Ó ti parí. Ọ̀dà ló kù. Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fọ́n ọ̀dà ní Ìddó. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀dà kì í gbẹ nínú òjò.”

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ọ̀dà ti gbẹ,” Morádéún ní.

“Ti àkọ́kọ́ nìyẹn, ìyàwó wa. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń fọ́n ọkọ̀ èèyàn wa. Ti ará ìta là ń fọ́n lẹ́ẹ̀kan.”

Ó wá rí Dinah. Ó fi ọwọ́ tí ó fi ń jẹ ẹ̀wà nu ara ṣòkòtò, ó gbé e lé ọmọ náà lórí, ó sì di ojú. Ó gbàdúrà. Ó gbàdúrà fún eegun, ó gbàdúrà fún ọ̀nà, ó gbàdúrà fún àwọn dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan, òjò ń rọ̀, bàbá ọmọ sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ó ń ṣe àmín. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Dinah nìkan ló la ojú sílẹ̀. Ó ń wo èérún ẹ̀wà tó wà lẹ́nu Alàgbà.

“Ẹ bọ́ sí ìkóríta,” Alàgbà ní nígbà tó ṣe tán. “Ẹ óò rí kabúkabú. Wọ́n pọ̀ láàárọ̀.”

Wọ́n sì pọ̀ lóòótọ́. Wọn ò tíì dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan fi rọra dúró níwájú wọn, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ẹrẹ̀ bo ìdí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wà á ní Dickson lorúkọ òun, ó ní kí wọ́n wọlé, òun á gbé wọn dé Igbóbì, òun ò tiẹ̀ ní gbé ẹlòmíì nítorí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Morádéún wọ ẹ̀yìn, ó gba ọmọ, ó gbé ẹsẹ̀ símẹ́ńtì náà lé itan ara rẹ̀. Túnbọ̀sún yí lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọkọ̀ ló ń kọjá tó jẹ́ kó dúró. Ó wá wọ iwájú.

Wọ́n kọjá Ìjọra. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Dinah ń gbọ̀n gbìgì gbìgì. Aṣọ tí wọ́n fi bo inú rẹ̀ ti ṣí ní igun kan, Morádéún sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: bébà ìròyìn tí wọ́n ká rúgúrúgú, tí wọ́n fi nǹkan funfun kan lẹ̀ pọ̀. Ibi tó yẹ kí irin wà nìyẹn.

“Madam, abeg, wetin dey smell so?” Dickson bèèrè. “Wind glass small.”

Morádéún na ọwọ́ kọjá ara ọmọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ wíńdò mú. Ó tutù, ó tẹ́ lórí, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bọ́ sórí òdòdó kékeré kan.

Kò yí i. Ó ṣáà dì í mú. Ọ̀dà ewé ti ta sí etí rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ yọ ọ́ kí wọ́n tó fọ́n ọ̀dà.

“Màmá,” Dinah ní, “ṣíbí wa nìyí.”

“Mo rí i.”

“Ọkọ̀ wa nìyí.”

“Bàbá Dinah,” Morádéún ní. “Ẹ wẹ̀yìn.”

Túnbọ̀sún ò wẹ̀yìn. Ó ń wo ojú títì. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọsibítù,” ó ní.

Morádéún bi Dickson ta ló ni ọkọ̀. Inú ọkùnrin náà dùn sí ìbéèrè yẹn. “Na Elder get am. Elder Akinsanya for Malu Road. E don reach three weeks wey I dey run am for am. Strong motor. Na only that door.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọmọ ti ń jẹrà nínú símẹ́ńtì nítorí pé ọkọ̀ ò tíì gbẹ. Morádéún sún mọ́ wíńdò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná tú ìdè tí ọkọ rẹ̀ fi de ṣíbí. Ọ̀nà jìn, àyè wà fún un. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu géètì Igbóbì, ṣíbí ti wà nínú báàgì rẹ̀, gíláàsì sì já wọ inú ilẹ̀kùn lọ, òjò ń ta sí wọn lára.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Túnbọ̀sún bọ ọwọ́ sápò, ó ka ṣílè fún Dickson, owó ọkọ̀ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, Dickson dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run wo ọmọ náà sàn, ó sì wa Mọ́rísì wọn lọ. Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni Morádéún ti la ẹnu.

“Ẹ sanwó fún un.”

“Kí ni kí n ṣe? Kí n máa bá awakọ̀ jà ní ẹnu géètì? Kò mọ nǹkan kan.”

“Alàgbà mọ̀. Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún Alàgbà?”

“Àgbàlagbà ni. Èèyàn kì í ká àgbàlagbà mọ́. Àwọn ará ilé á gbọ́, ìjọ á gbọ́.”

“Ìgbà wo lẹ rí i pé ọkọ̀ yín ni?”

Túnbọ̀sún ń fún omi ṣòkòtò rẹ̀.

“Bàbá Dinah, mo bi yín léèrè.”

“Mo nu ẹrẹ̀ kúrò, mo rí nọ́ńbà,” ó ní. “Lẹ́yìn ọkọ̀. Kí n tó wọlé.”

Morádéún wò ó títí. Ọkùnrin tó rí ọkọ̀ rẹ̀, tó nu ẹrẹ̀ kúrò lára nọ́ńbà rẹ̀, tó wọlé, tó jókòó, tó tún sanwó. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì náà, ó fi ọmọ sáàárín.

Aago méjìlá kọjá kí wọ́n tó pè wọ́n. Dókítà fi ayùn kékeré la símẹ́ńtì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dì í mú yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹsẹ̀ tó jáde tín-ínrín, ó funfun, awọ ara rẹ̀ ń ṣí lábala lábala, egbò sì wà ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tí èèyàn lè ki ìka bọ̀, ọyún yí i ká. Dinah wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó kán.

“Eegun ti jinná,” dókítà ní. “Egbò yìí ni mi ò fẹ́ràn. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ibi tí símẹ́ńtì ha pọ́n lásán ni ì bá jẹ́, kì bá tí ì di egbò. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́?”

“Ọkọ̀ ni, dókítà,” Túnbọ̀sún ní.

“Ẹ ò ní ọkọ̀?”

“A ní,” Dinah dá a lóhùn láàárín ẹkún. “Òun ló gbé wa wá.”

Dókítà wo bàbá, ó wo ìyá, ó kọ nǹkan sínú káàdì. Ó ní ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa gbé ọmọ náà wá kí wọ́n wẹ egbò yẹn, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ náà ò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Ó ní tí ó bá dé eegun, ohun tí àwọn máa ṣe nígbà yẹn kò ní dùn mọ́ wọn. Túnbọ̀sún ṣe “bẹ́ẹ̀ ni sà” lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n wọ takisí padà sílé ní Ajégúnlẹ̀. Philomena ti fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, ó rí ẹsẹ̀ Dinah, ó gbọ́ ìtàn ọkọ̀ lẹ́nu ọmọ náà, ó sì jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Kó tó di aago mẹ́rin, gbogbo ilé ti gbọ́. Azubuike gbọ́ ní igun rẹ̀, ó dá iṣẹ́ dúró díẹ̀. Inú yàrá ni Túnbọ̀sún wà. Ó ti ilẹ̀kùn.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Alàgbà Akínsànyà dé, tòun ti ọsàn mẹ́rin nínú bébà. Ó ní òun wá kí aláìsàn. Wọ́n fún un ní àga. Ó jókòó sójú ibi tí Dinah na ẹsẹ̀ sí, ó mi orí sí egbò náà, ó ní Ọlọ́run tóbi. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ń hó lórí iná, ó sì ti gbóòórùn rẹ̀, nítorí ó fa àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

Morádéún bu oúnjẹ. Ó gbé e síwájú àlejò, ẹran méjì lórí rẹ̀, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá lọ mú báàgì rẹ̀. Ó mú ṣíbí jáde, ọrùn rẹ̀ tẹ̀, ọ̀dà ewé létí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo.

“Ẹ jẹun, sà,” ó ní.

Alàgbà wo ṣíbí náà. Túnbọ̀sún náà wò ó. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ Philomena ti dáwọ́ dúró lódìkejì. Alàgbà mú ṣíbí, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó rọra fi etí tábìlì tẹ̀ ẹ́ kó lè tọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ojú, ó gbàdúrà oúnjẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ṣíbí gé ẹran, ó fi ẹnu rẹ̀ ha ọbẹ̀ ìsàlẹ̀ àwo, ó lá ṣíbí.

“Bọ̀dá Túnbọ̀sún,” ó ní nígbà tó ṣe tán, “ọkọ̀ yín ti parí. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí. Gíláàsì ẹ̀yìn ti já sínú ilẹ̀kùn, ọwọ́ wíńdò sọnù. Ẹ wá nǹkan fún mi, kí n ra òmíràn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ óò rí i lẹ́nu ọ̀nà yín.”

Ọwọ́ Túnbọ̀sún wọ àpò. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ó wọ àpò.

“Dádì,” Dinah ní, “ṣebí ẹ ti sanwó ọkọ̀ náà láàárọ̀.”

Ọwọ́ náà dúró nínú àpò. Alàgbà ń yọ ẹran kúrò láàárín eyín. Morádéún kó àwo, ó mú ṣíbí, ó lọ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó nù ún gbẹ. Ó padà wọlé. Kò kó o mọ́ márùn-ún yòókù. Ọkọ rẹ̀ ló nà án sí.

“Ojú ọjọ́ ń ṣú,” ó ní. “Ẹ mú un dání, kẹ́ ẹ lè rí wíńdò yẹn tì bẹ́ ẹ bá ń wa ọkọ̀ bọ̀.”

Túnbọ̀sún wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo egbò ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú àpò lófìfo, ó gba ṣíbí, ó fi í sí àpò àyà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bírò ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ bàtà tó ṣì tutù.

“Alàgbà,” ó ní, “ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ gbé ọkọ̀ mi.”

Alàgbà ní òun ò tíì mu omi.